Àwọn Tó Wá Gba Igi Rukia Là

Bí atẹ́gùn bá ti fẹ́ lórí òkè, Rukia á máa gbọ̀n nínú ilé, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀kùn wà ní títì. Kò ya Naim, bàbá rẹ̀, lẹ́nu. Ní erékùṣù Makian níbí, ọjọ́ tí a bá bí ọmọ la ń gbin igi kànáfùrù rẹ̀, ohun tó bá ṣe igi ti ṣe ọmọ. Lọ́dún náà, igi Rukia ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ òdòdó àkọ́kọ́. Igi tó yọ òdòdó, aboyún ni. À ń ṣí fìlà fún un, a kì í pariwo nítòsí rẹ̀, kí ẹ̀rù má baà bà á kí oyún rẹ̀ bọ́.

Àwọn Òyìnbó ò mọ̀yẹn. Họ́láńdì àti Sípéènì ń para wọn lójú òkun nítorí kànáfùrù tí bàbá ẹnikẹ́ni nínú wọn ò gbìn. Ojú ò tì wọ́n! Họ́láńdì gbọ́ pé Sípéènì ń rà á lọ́wọ́ wa, ó ní tó bá di Jímọ̀, gbogbo igi òkè wa ni àáké máa gé.

"Samsia, ọmọ wa ni wọ́n fẹ́ gé yẹn o," Naim rọra sọ fún ìyàwó rẹ̀.

"Kí lẹ wá fẹ́ ṣe, bàbá Rukia? Ọwọ́ lásán lẹ fẹ́ fi bá Òyìnbó jà?"

Naim yọ́ wa ọkọ̀ lọ sí Tidore, níbi tí Sípéènì wà, ó bẹ ọ̀gá wọn títí pé kí wọ́n wá lé Họ́láńdì kúrò. Kò sọ fún Samsia, nítorí bí Họ́láńdì bá gbọ́, orí rẹ̀ á lọ.

Ní Jímọ̀, bí àwọn aláàáké ṣe ń gun òkè, ọkọ̀ Sípéènì yọ. Àgbá dún, ilẹ̀ mì. Họ́láńdì sá padà sínú ọkọ̀ wọn, àgbá wá ń dá àgbá lóhùn.

Naim sáré gun òkè. Igi ọmọ rẹ̀ wà ní ìdúró! Ó forí kanlẹ̀, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ni iwájú orí rẹ̀ bá kan nǹkan. Òdòdó ni. Gbogbo rẹ̀ ló ti bọ́ sílẹ̀, kò ku ẹyọ kan lókè. Àáké nìkan ni Naim ń bẹ̀rù; kò tiẹ̀ ro ti ariwo.

Nígbà tó délé, Samsia gbé Rukia lé itan, ó ti fi aṣọ bo ojú ọmọ náà.

"Àgbá àkọ́kọ́ dún, ó dì mọ́ mi. Ìkejì dún, ó ní, 'Màmá, mo ń já bọ́ o, ẹ dì mí mú.' Mo dì í mú, bàbá Rukia! Ọwọ́ mi méjèèjì ni mo fi dì í mú!"

Naim wó lulẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó bú sẹ́kún. Samsia sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Lẹ́yìn náà ó gbójú sókè.

"Sípéènì tó jókòó jẹ́ẹ́jẹ́ ẹ̀ ní Tidore," ó ní, "ta ló lọ pè é wá?"