Iná Tí Ìbíyínká Kò Da Omi Sí

Orí ọ̀kadà ni wọ́n ti pàdé, ìjà ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀. Ìbíyínká ti jókòó sẹ́yìn ọlọ́kadà ní Ìkàrẹ́, ó ń lọ sí Ìwàrò-Ọ̀kà níbi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e lọ láti máa kọ́ àwọn ọmọ pírámárì kẹta. Bí ọkùnrin gíga kan ṣe sáré dé nìyẹn, ó fẹ́ jókòó sẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀," ni Ìbíyínká wí. "Èmi kì í bá ọkùnrin tí mi ò mọ̀ rí há mọ́ra lórí ọ̀kadà."

"Ẹ má bínú, Anti." Ọkùnrin náà sọ̀ kalẹ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín.

Nígbà tó dé ilé ìwé, ta ló tún rí tó ń to àwọn ọmọ sórí ìlà? Ọkùnrin yẹn náà ni! Ọ̀kadà mìíràn ti gbé e kọjá wọn lọ́nà. Ọláòtán lorúkọ rẹ̀, òun ni tíṣà pírámárì karùn-ún, ọmọ Ìwàrò tó gba yàrá sí Ìkàrẹ́.

"Anti, ṣé a ti mọra wa báyìí?" ló bi í.

Ojú ti Ìbíyínká, ẹ̀rín sì pa á. Kí táàmù náà tó parí, ọ̀kadà kan náà làwọn méjèèjì ń gùn lójoojúmọ́, ẹni tó bá sì fẹ́ sọ pé kí wọ́n má há mọ́ra, kó gbìyànjú ẹ̀ wò.

Ìyá Ọláòtán nìkan ni ọ̀rọ̀ náà ò kọ́kọ́ wọ̀ létí. "Ọmọ Ìkàrẹ́, ọmọ ọjà," ló ń sọ. "Ṣé irú wọn lè bá wa dé oko?"

Nígbà họ́lidè Kérésì, lẹ́yìn tí ọdún tuntun wọlé, wọ́n mú un dé oko lóòótọ́. Ìbíyínká ṣẹ́ igi, ó dáná, ó sun iṣu fún gbogbo ilé. Wọ́n fi epo jẹ ẹ́, Bàbá Ọláòtán ń lá ọwọ́, Ìyá sì wo ọmọbìnrin náà títí, ó ní, "Ìyàwó wa, o kú iṣẹ́ o."

Ìyàwó wa! Inú Ìbíyínká dùn débi pé kò mọ ibi tí yóò fi ojú sí.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ máa lọ, Ìyá ní kó bá wọn pa iná. Omi wà nínú kẹ́ẹ̀gì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà tó tọ́ ọ dàgbà ti kìlọ̀ fún un láti kékeré pé ìyàwó kì í da omi sí iná tó kọ́kọ́ fi ṣe oúnjẹ fún ará ilé ọkọ rẹ̀, kí ìfẹ́ wọn sí i má baà tutù. Ó wo ẹ̀yìn, kò rí ẹni tó ń wo òun. Ó wa yẹ̀pẹ̀ bo ẹyin iná náà, ó sì sáré tẹ̀ lé wọn.

Ọyẹ́ ọdún náà le. Afẹ́fẹ́ ṣí yẹ̀pẹ̀ kúrò, iná bọ́ sínú ewé gbígbẹ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, kòkó tí Bàbá gbìn nígbà tí Ọláòtán ṣì wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ ti jóná tán.

Kò sẹ́ni tó bi Ìbíyínká ní nǹkan kan. Rájí ni gbogbo èèyàn nàka sí, ará Ẹ̀bìrà tó ti ń bá Bàbá ro oko láti ọjọ́ pípẹ́, tòun tìyàwó rẹ̀ ń gbé inú ahéré níbẹ̀. Wọ́n ní òkété ló ń finá lé. Bàbá ní kó kó ẹrù rẹ̀ kúrò. Lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n gbàdúrà pé kí ọwọ́ tó dá iná náà rọ. Ìbíyínká náà ṣe Àmín. Láti ọjọ́ náà ni kò ti lè jẹun yó.

Ọjọ́ tí ilé ìwé wọlé, hẹ́dímásítà ní nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹ̀kọ́ kan náà ni gbogbo kíláàsì máa fi bẹ̀rẹ̀ táàmù: ewu iná nígbà ọyẹ́. Ìbíyínká kọ ọ́ sójú pátákó.

"Kí la máa ń ṣe ká tó kúrò nídìí iná?"

"A máa da omi sí i!"

"Tí a bá wa yẹ̀pẹ̀ bò ó ńkọ́?"

Peace nawọ́ sókè. "Anti, bàbá mi ní iná lè sá pamọ́ sábẹ́ yẹ̀pẹ̀. Ẹ da omi sí i, ẹ fi igi rò ó, kẹ́ ẹ tún da omi sí i."

"Wọn ò kọ́ Rájí nílé ìwé ni," ni Gift wí, gbogbo kíláàsì sì bú sẹ́rìn-ín.

Ìbíyínká kọjú sí pátákó, nítorí omijé ti dé. Ó ní kí wọ́n ya garawa omi sínú ìwé wọn, ó sì jáde.

Ó bá Ọláòtán lábẹ́ igi máńgòrò. "Èmi ni mo jó oko bàbá yín."

"Sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, olólùfẹ́ mi."

"Kò yà ọ́ lẹ́nu?"

Ọláòtán wolẹ̀. "Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí ọ níbi tó o ti ń wa yẹ̀pẹ̀ bò ó. Mo rò pé ó ti tó."

"O mọ̀, o sì jẹ́ kí wọ́n lé Rájí?"

"Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pè ọ́ ní ìyàwó wa ni. Tí wọ́n bá gbọ́ èyí, ọ̀rọ̀ wa parí nìyẹn. Rájí á rí oko mìíràn, Ìbíyínká. Níbo lèmi ti máa rí ìwọ mìíràn?"

Kò sẹ́ni tó tíì sọ ohun tó dùn tó bẹ́ẹ̀ fún un rí, òun gan-an ló sì dùn ún jù.

"Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo máa sọ ọ́," ló wí.

Nígbà tí ilé ìwé jáde, Ìbíyínká gba oko lọ. Rájí ń di ẹrù. Ìbíyínká kúnlẹ̀ sínú eérú, ó sọ gbogbo rẹ̀.

Rájí jókòó lórí ẹrù rẹ̀. "Kì í ṣe èmi?" ló bi í. "Anti, nígbà tí gbogbo èèyàn ní èmi ni, mo gbà pé èmi ni. Mo ní bóyá mo gbàgbé iná síbì kan. Mi ò sùn láti ọjọ́ náà." Ó nu ojú rẹ̀. "Ẹ dìde. Ẹ sáà bá mi sọ ọ́ níbi tí wọ́n ti pe orúkọ mi."

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹ̀gbẹ́ Ìyá Ọláòtán ni Ìbíyínká jókòó sí. Ìyá ń bá a tún gèlè ṣe. "Ọrùn rẹ ti ń tín-ín-rín jù, ọmọ mi. Máa jẹun." Ìbíyínká fẹ́rẹ̀ẹ́ ké.

Pásítọ̀ béèrè ẹni tó ní ẹ̀rí láti jẹ́. Ìbíyínká kò lè dìde. Lápá ọkùnrin, Ọláòtán ti dìde ní tirẹ̀, ó sì bọ́ síwájú.

"Rájí kọ́ ló jó oko bàbá mi," ló wí. "Mo mọ̀, mo sì dákẹ́. A gbàdúrà lé ọmọlọ́mọ lórí níbí, èmi náà sì ṣe Àmín."

"Ta wá ni?" ni Bàbá ké láti ìjókòó rẹ̀.

Ọláòtán kàn ń wo ilẹ̀.

"Èmi ni, sà," ni Ìbíyínká wí, ó sì dìde. Ọwọ́ Ìyá já bọ́ kúrò lára gèlè rẹ̀. Ó rin àárín ṣọ́ọ̀ṣì kọjá, gbogbo ojú ń tẹ̀ lé e, títí ó fi dúró ti Ọláòtán.

Bàbá ò wò wọ́n. Ó mú fìlà rẹ̀, ó jáde, wọ́n sì rí i lójú fèrèsé tó forí lé ọ̀nà ahéré Rájí. Ìyá da gèlè bojú, ó ń sunkún. Kò sẹ́ni tó sọ pé òun dárí jì wọ́n.

Ọláòtán na ọwọ́ sí i níwájú gbogbo ìjọ. Ó pẹ́ díẹ̀ kí Ìbíyínká tó gbà á.