Eyín Wà, Ẹ̀yìn Ò Sí

"Eyín mi mẹ́jọ ló fò jáde lẹ́ẹ̀kan náà," ni Bọ̀ọ̀dá Garnet wí. Ó gbé ife kọfí rẹ̀ kalẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lè ráyè bá a sọ̀rọ̀. "Rọ́bà tí a fi ń gbá họ́kì orí yìnyín ló bà mí lẹ́nu. Àwọn eyín ọ̀hún fò la orí yìnyín já, wọ́n gba àárín ẹsẹ̀ gólì wọn kọjá, gbogbo wọn sì wọ àwọ̀n. Rẹfirí bẹ̀rẹ̀, ó kà wọ́n, ó fun fèrè, ó ní góòlù mẹ́jọ. Bí a ṣe na àwọn ará Winnipeg nìyẹn, mẹ́jọ sí òdo, ọ̀pá mi ò sì kan rọ́bà láti àárọ̀."

"Ta ni wọ́n wá kọ góòlù náà sí lọ́rùn?" ni mo béèrè. "Ẹ̀yin ni àbí eyín?"

"Emmett, má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Gbogbo èyí tó wà níwájú ẹnu mi yìí, rírà ni." Ó yanu. Eyín funfun kún ibẹ̀ bí àgbàdo tuntun.

Gbogbo wa tó wà ní ilé kọfí Àǹtí Darlene, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá yìnyín, ni a rẹ́rìn-ín, àfi ẹnì kan. Lachlan Hrycay, ọ̀rẹ́ mi, kò rẹ́rìn-ín rárá. Ó ń wo ẹnu Bọ̀ọ̀dá Garnet bí ẹni ń wo fèrèsé ọ̀run.

Kí ẹ má baà ṣì mí gbọ́: ọmọ Kettle Bend ni èmi àti Lachlan. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé bàtà onírin tí a fi ń sáré lórí yìnyín ni mo wọ̀ jáde nínú ìyá mi. Irọ́ ni wọ́n ń pa, ẹsẹ̀ òsì nìkan ni. Èmi ni gólì ikọ̀ wa. Lachlan ni ọwọ́ ẹ̀yìn, òun ló máa ń dúró níwájú mi kí àwọn atamátàsé má baà fi mí jẹun. Láti kékeré ló ti ń sọ pé iṣẹ́ yìí lòun máa fi jẹun, pé wọ́n á máa sanwó fún òun kí òun lè máa dí ọ̀nà. Lọ́dún náà, ọjọ́ orí rẹ̀ ti fẹ́ kọjá èyí tí wọ́n ń gbà. Ikọ̀ ọ̀dọ́ kan ní ìlú ńlá ń wá ọwọ́ ẹ̀yìn kan ṣoṣo, aṣojú wọn sì ń bọ̀ wá wo ayò wa lọ́jọ́ Sátidé. Bí ọkùnrin yẹn kò bá mú un, ilẹ̀kùn ti sé nìyẹn.

Kóòṣì wa, Orest Boyko, ti fi iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀yìn jẹun rí. Ẹ ò lè mọ̀ ọ́n. Àwọn ikọ̀ kéékèèké ló gbá fún, irú èyí tí bọ́ọ̀sì ń gbé lálẹ́ mọ́jú, tí wọ́n á jí i pé ó yá, sọ̀kalẹ̀, kí wọ́n máa lù ọ́. Orúnkún rẹ̀ méjèèjì, irin ni wọ́n fi pààrọ̀ wọn. Imú rẹ̀ máa ń yà sí ọ̀tún láàárọ̀, tó bá di alẹ́ ó ti yà sí òsì. Eyín iwájú rẹ̀, rírà ni, ìdí nìyẹn tí kì í fi í fọwọ́ kan tọ́fì Àǹtí Darlene. Kò sí ọwọ́ ẹ̀yìn àtijọ́ kankan ní ìlú wa tó ń fọwọ́ kàn án. Tọ́fì yẹn fa eyín bàbá kan yọ rí, eyín ọ̀hún lẹ̀ mọ́ tábìlì, ó sì ń jẹ àjẹkù oúnjẹ níbẹ̀ títí yìnyín fi yọ́.

Góòlù kan ṣoṣo ni Kóòṣì gbá ní gbogbo ayé rẹ̀, àwọ̀n ikọ̀ tirẹ̀ gan-an ló sì ṣèèṣì gbá a sí. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló wá rí nínú iṣẹ́ náà.

"Àwọn èyí tí mi ò jẹ́ kó wọlé," ló wí. "Ẹnikẹ́ni ò kà wọ́n. Èmi mọ̀ wọ́n."

Láàárọ̀ kùtùkùtù, kí ilé ìwé tó ṣí, Kóòṣì á mú Lachlan lọ sórí yìnyín, á ní kó máa fi ẹ̀yìn sáré. Láti ògiri dé ògiri, ẹ̀yìn. Bó bá dé ibẹ̀, kó tún fi ẹ̀yìn padà.

"Ojú ẹ, àyà atamátàsé ni kó wà," ni Kóòṣì máa ń wí. "Rọ́bà lè tàn ẹ́, àyà ò lè tàn ẹ́. Bó bá ń bọ̀, máa fi ẹ̀yìn lọ, máa wò ó. Ọwọ́ ẹ̀yìn kì í kẹ̀yìn sí ọ̀tá."

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú Lachlan. Bí a ṣe ń lọ sílé lọ́jọ́ kan, nínú òtútù tó le débi pé òjìji mi dì mọ́ ògiri, tí mo ní láti fi igi hú u kí n tó lè máa lọ, ó ju ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀ sínú yìnyín.

"Ó ti rẹ̀ mí, Emmett. Bí rọ́bà bá wọlé, wọ́n á ní Lachlan ni. Bí kò bá wọlé, ìwọ ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún."

"Ẹwà mi ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún."

"Mi ò bá ẹ ṣeré. Ìyá mi gan-an, bó bá wá wo ayò, ìwọ ló ń wò. Èmi ń rìn sẹ́yìn bí akàn. Ta ló máa ń ra akàn lọ sí ìlú ńlá?"

Inú ìrònú yìí ni Bọ̀ọ̀dá Garnet ti bá a.

Ìbẹ̀rẹ̀ òtútù ni Garnet Toomey dé ìlú wa, táyà ló ń tà. Ó ní òun ti gbá ọwọ́ ẹ̀yìn níbi tó ga jù lọ, pé ọ̀rẹ́ òun ni aṣojú tó ń bọ̀, pé orí àga òun ló ń sùn bó bá wá sí agbègbè yìí.

"Ta ló kọ́ ẹ ní ẹ̀yìn?" ló bi Lachlan. "Orest? Ṣé aṣojú máa wakọ̀ láti ìlú ńlá wá wo ẹni tó ń sá? Kọlù wọ́n. Gbá wọn mọ́ ògiri kí iná gbọ̀ngàn pápá yìnyín máa ṣẹ́jú. Èmi, bí mo bá kọlù èèyàn, àbúrò rẹ̀ tó wà nílé á ṣubú."

Bí Lachlan ṣe kọ ẹ̀kọ́ àárọ̀ sílẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀yìn ilé táyà ló ń lọ, ó ń fi èjìká kọlu òkìtì yìnyín, Bọ̀ọ̀dá Garnet a sì jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀ níbi tó móoru, a máa fun fèrè ọkọ̀ bí ìkọlù náà bá dùn mọ́ ọn. Mi ò rí i rí pẹ̀lú bàtà onírin lẹ́sẹ̀. Ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun.

Mo gba ẹ̀gbẹ́ gbọ̀ngàn kọjá láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo rí Kóòṣì lórí yìnyín. Òun nìkan ni. Ọ̀pá méjì ló mú dání.

Mo sọ fún Lachlan. "Ó ń dúró dè ẹ́."

"Gbogbo ọdún tó fi gbá a, kí ló rí mú bọ̀?" ni Lachlan dáhùn. "Orúnkún irin."

Mo fẹ́ gbá a létí. N kò gbá a. Mo wulẹ̀ fi ẹja tútù sínú bàtà rẹ̀, ìyẹn kò sì ràn wá lọ́wọ́.

Sátidé dé. Aṣojú náà jókòó sókè pẹ̀lú fìlà onírun, gbogbo ìlú sì wà níbẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí atamátàsé wọn gbé rọ́bà bọ̀, Lachlan kò sún sẹ́yìn. Ó pa kuuru mọ́ ọn. Ọmọ náà yẹ̀ ẹ́ bí ìgbà tí èèyàn yẹ ọ̀pó iná. Lachlan kọlu ògiri, iná ṣẹ́jú lóòótọ́, Bọ̀ọ̀dá Garnet sì hó yèè. Nígbà yẹn, ọmọ náà ti dé ọ̀dọ̀ mi, èmi nìkan, rọ́bà sì ti wà lẹ́yìn mi.

"Ẹ̀yìn, Lachlan," ni Kóòṣì pè.

"Kọlù wọ́n," ni Bọ̀ọ̀dá Garnet ké láti òkè.

Kọlù wọ́n náà ló gbọ́. Rọ́bà wọlé débi pé àwọ̀n bẹ̀ mí. Nígbà tó kù díẹ̀ kí ayò tán, Lachlan rántí, ó gbìyànjú láti fi ẹ̀yìn sá, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tí wọn ò lò ti gbàgbé. Ó fi ìdí jókòó sórí yìnyín, atamátàsé sì kọjá lára rẹ̀ tìrọ̀rùn tìrọ̀rùn.

Aṣojú sọ̀kalẹ̀. Ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan nínú ikọ̀ kejì ló lọ bá, ọmọ tí ẹnikẹ́ni ò kíyè sí, tó fi ẹ̀yìn sáré láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bí ẹja nínú odò. Ọwọ́ ọmọ yẹn ló bọ̀. Bí aṣojú ṣe ń jáde lọ, ó dé ẹnu ọ̀nà níbi tí Bọ̀ọ̀dá Garnet dúró sí.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, ẹ yà fún mi," ló wí fún un, ó kọjá. Kò mọ̀ ọ́n rí.

Nílé kọfí, Lachlan gbé orí lé tábìlì. Kóòṣì jókòó sí ìkángun. Bọ̀ọ̀dá Garnet nìkan ló ń sọ̀rọ̀.

"Kò burú rárá. Ọ̀rẹ́ mi sọ fún mi ní kọ̀rọ̀ pé wọ́n á ránṣẹ́. Lọ́dún tí eyín mi mẹ́jọ fò jáde—"

Ẹnu dùn-ún ròfọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi ni wọ́n fi ẹnu yìí sè jẹ. Mi ò tíì bọ́ aṣọ ayò tí mo fi gbé àwo tọ́fì lọ bá a.

"Ẹ mú tọ́fì, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ ti sọ̀rọ̀ púpọ̀ jù."

Ó mú un. Ó fi eyín iwájú gé e sí méjì, ó ń jẹ ẹ́ wọ̀mùwọ̀mù, ó sì tún na ọwọ́ mú òmíràn.

Àwọn bàbá tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri gbé ife wọn kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kóòṣì dìde. Ó ki ọwọ́ bọ ẹnu, ó yọ eyín rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì níwájú Bọ̀ọ̀dá Garnet.

"Tiyín ńkọ́?" ló béèrè pẹ̀lú ẹnu tó ti wọlé.

"Tèmi... wọ́n fi sìmẹ́ńtì mọ́ ọn ni."

"Sìmẹ́ńtì Winnipeg," ni Àǹtí Darlene wí láti ìdí ìkòkò kọfí.

Lachlan gbé orí sókè. Ojú rẹ̀ pọ́n, ṣùgbọ́n kò pariwo. "Bọ̀ọ̀dá Garnet, ẹ fi ọ̀rọ̀ eyín sílẹ̀. Ẹ bọ́ sórí yìnyín. Ẹ fi ẹ̀yìn lọ dé ilà búlúù. Ibẹ̀ yẹn péré, màá sì gbà yín gbọ́ ní gbogbo ọjọ́ ayé mi."

Kóòṣì fi ẹsẹ̀ ti bàtà onírin tirẹ̀ sí Bọ̀ọ̀dá Garnet.

"Ẹsẹ̀ ń dùn mí," ni Bọ̀ọ̀dá Garnet wí.

Kóòṣì kan orúnkún irin tirẹ̀ bí ẹni kan ilẹ̀kùn. Ó dún kàn-ìn kàn-ìn.

"Kóòṣì," ni Lachlan wí, "ilẹ̀kùn ti sé, àbí?"

"Ó ti sé. Wọ́n ti pa irọ́ tó fún ẹ, tèmi ò ní kún un. Àwọn ikọ̀ kéékèèké ṣì wà, bọ́ọ̀sì wọn burú. Wọ́n lè gbà ẹ́ lọ́jọ́ kan, wọ́n sì lè máà gbà ẹ́. Láàárọ̀ ọ̀la, màá wà lórí yìnyín."

"Ọ̀pá mélòó lẹ máa mú wá?"

"Méjì."

Àǹtí Darlene nu ọwọ́ rẹ̀. "Gbọ́, ọmọ. Ẹni tó bá fẹ́ fi iṣẹ́ kan jẹun, ọwọ́ ẹni tí iṣẹ́ náà ti jẹ eyín rẹ̀ ni kó ti lọ kọ́ ọ."

Ẹ̀yin tó ń kà á, ẹ mú ìyẹn lọ sílé. Mo ti wá èyí tó sàn jù ú lọ, mi ò rí.

Bọ̀ọ̀dá Garnet wo bàtà, ó wo ẹnu ọ̀nà, ó wo gbogbo wa, tọ́fì méjì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Lójijì ló yí padà, ó sì fi eré sí i. Ó sá kọjá ọkọ̀ ara rẹ̀, ó sá kọjá ilé táyà, ó sá débi pé òjìji rẹ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ wa tó ń wá ẹnu ọ̀nà kiri.

Lachlan dúró lójú fèrèsé, ó ń wo bó ṣe ń kéré lọ nínú yìnyín. "Ẹ wò ó, Kóòṣì," ló wí. "Ẹ̀yìn ló kọ sí wa. Ọwọ́ ẹ̀yìn kọ́ ni."

Kóòṣì mú eyín rẹ̀ lórí tábìlì, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó dá a padà sẹ́nu.

"Mo ṣáà ti sọ fún ẹ," ló wí.