Etí tí Ọlọ́nàdé Yọ

Gbogbo ìlú Òkè-Afẹ́fẹ́ ló yin yukulélé náà, àfi ẹnì kan ṣoṣo tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe é.

Jìtá kékeré olókùn mẹ́rin tí a ń gbé mọ́ àyà ni yukulélé. Nínú ìlú tó so rọ̀ sófuurufú yìí, Ọlọ́nàdé nìkan ló ṣì ń fọwọ́ ṣe é. Wúràọlá àbúrò rẹ̀, tó lo ọgbọ̀n ọdún lórí òṣùpá, ló ṣe èyí dè. Wúràọlá ta á díẹ̀, ó gbé e sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Bí mi ò bá tẹ okùn, ó dáa. Bí mo bá ti tẹ̀ ẹ́, ohùn á yà kúrò lọ́nà."

Ó dun Ọlọ́nàdé wọra, nítorí òun ò gbọ́ àbùkù kankan. Ibẹ̀ ló ti wá yé e. Nígbà tí ẹ̀rọ tó gbé ìlú ró ṣì ń ké ramúramù, Dókítà Ìyùnadé ṣe atúnróṣe, ẹ̀rọ bíńtín bí ẹyọ ẹ̀wà tí wọ́n ń fi sínú etí. Kì í pa ariwo nìkan, ó tún ń to gbogbo ohùn tó bá wọ́ kó tó dénú. Ó ti tó ogún ọdún tí ẹ̀rọ ìlú ti dákẹ́, ṣùgbọ́n ta ló máa lá oyin tán kó ní ewúro lòún fẹ́? Gbogbo ìlú fi í sílẹ̀ sétí; Wúràọlá tó wà lórí òṣùpá ni kò ní in. Àṣé láti ọjọ́ yìí wá ni Ọlọ́nàdé ti ń ṣe jìtá tó ń parọ́.

Ó lọ bá dókítà. "Ìyùnadé, bá mi yọ ọ́."

"Bàbá, iṣan etí yín ti gbára lé e. Bí mo bá yọ ọ́, ọjọ́ mẹ́sàn-án péré lẹ máa fi gbọ́ràn. Kò sì ṣeé dá padà mọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ bá yín wọn jìtá náà."

"Òṣùwọ̀n ń gbé e dé ẹnu ọ̀nà ni, ọmọ mi. Etí ló ń mú un wọlé."

"Nítorí nǹkan ìṣeré?"

"Nítorí Wúràọlá. Òun ló lọ walẹ̀ lórí òṣùpá kí n lè dúró kọ́ṣẹ́. Mi ò lè gbé irọ́ lé e lọ́wọ́."

Dókítà yọ ọ́. Ọlọ́nàdé ò sọ fún àbúrò rẹ̀.

Ó ká afárá, igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí okùn jókòó lé, kúrò. Ó ń fá ojú pákó ọ̀gànwó náà, ó ń fi ìka kàn án, ó ń tẹ́tí. Ó sún afárá sẹ́yìn níwọ̀n èékánná, ó gbọ́, ó tún sún un. Lọ́jọ́ keje, okùn kẹta ṣì ń ṣagídí. Lọ́jọ́ kẹjọ, etí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ bí àtùpà tí epo ń tán nínú rẹ̀. Ẹ̀rù bà á gan-an. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án, ó tẹ okùn kẹta ní ìdajì gígùn rẹ̀, ohùn títẹ̀ àti ohùn àìtẹ̀ sì bára mu. Ó lẹ afárá mọ́ ibẹ̀.

Nígbà tí Wúràọlá dé nírọ̀lẹ́, ó ta á látòkè délẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kò sí àbùkù kankan mọ́."

Ọlọ́nàdé kọ̀yìn sí i, ó ń gbá èéfá igi. Wúràọlá tún un sọ. Kò yíjú. Ìgbà yẹn ló tó rí i pé kò sí atúnróṣe nínú etí rẹ̀ méjèèjì mọ́, tí gbogbo rẹ̀ sì yé e.

Ó bọ́ síwájú rẹ̀, ó kúnlẹ̀. Ó fi orí jìtá náà ti egungun àgbọ̀n Ọlọ́nàdé kí ìgbọ̀nrìrì okùn lè gba egungun wọlé, ó wá ń ta okùn náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọlọ́nàdé di ojú.

"Tún ìkẹta ta," ló wí, kò sì mọ̀ pé òun ń pariwo.