Márùn-ún Péré fún Ààbò

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé ni ìròyìn náà dé. Mo ń lọ aṣọ ilé-ìwé mi lọ́wọ́ nígbà tí fóònù bàbá mi dún. Wọ́n gbé e sétí, wọ́n ń gbọ́. Nígbà tó yá, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí ọmọdé.

"Afárá orí adágún ti já," ni bàbá mi wí. "Ẹ̀gbọ́n mi ti lọ."

Ìyá mi figbe ta. Áyọ́ọ̀nù wà lórí kọ́là aṣọ mi títí tó fi jó o, n kò sì gbé e kúrò. Mo mọ afárá náà. Mo ti fi ẹsẹ̀ tẹ pákó rẹ̀ rí, mo sì ti fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti jẹrà.

Oko ìgbafẹ́ ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́, irú oko tí àwọn ará ìlú ńlá máa ń wá lópin ọ̀sẹ̀ láti já èso, láti fún wàrà màlúù, àti láti sùn níbi tí ariwo ọkọ̀ kò dé. Àwọn ni wọ́n ń mú àlejò yí oko ká. Àwọn ọmọdé tó ń tẹ̀ lé wọn sọ wọ́n ní Bàbá Ẹ-Rọra, nítorí kò sí kòtò, kò sí ẹ̀gún, kò sí màlúù tó ń kanni tí wọn kì í torí rẹ̀ sọ pé, "Ẹ rọra o, ẹ rọra."

Nígbà ìsinmi tó kọjá, ẹgbẹ́ àwọn olóko ìgbafẹ́ fẹ́ mọ oko tó ń tọ́jú àlejò jù lọ nínú mẹ́ta. Olùkọ́ ìṣirò wa ló ní kí n lọ máa bá wọn ṣe ìṣirò. Ọkùnrin tó ń darí iṣẹ́ náà, tí gbogbo wa ń pè ní Ọ̀gá, sọ mí ní Akọ̀wé lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Nǹkan márùn-ún la ń yẹ̀ wò: ààbò, ìmọ́tótó, ìkíni àlejò, oúnjẹ àti yàrá. Oko kọ̀ọ̀kan á gba máàkì nínú mẹ́wàá fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣe pàtàkì ju òmíràn lọ, nítorí náà a ti pín ọgọ́rùn-ún láàárín wọn ká tó kúrò ní ọ́fíìsì. Ààbò gba ọgbọ̀n, yàrá gba mẹ́wàá péré. Ìyẹn là ń pè ní ìwọ̀n. A ó fi ìwọ̀n sọ máàkì di púpọ̀, a ó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, a ó sì fi mẹ́wàá pín in kó lè wà nínú ọgọ́rùn-ún. Òfin kan ṣoṣo ló wà: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìwọ̀n lẹ́yìn tí ojú bá ti rí oko.

Lọ́jọ́ tí a dé oko ẹ̀gbọ́n bàbá mi, àwọn fúnra wọn ló mú mi dé ibi afárá náà, nítorí ọ̀nà mìíràn kò sí dé ọgbà èso. Wọ́n fi ìka tẹ pákó. Ìka wọlé bí ìgbà téèyàn tẹ búrẹ́dì.

"Ọdún kejì rèé tí mo ti ń sọ ọ́," ni wọ́n wí. "Yàrá ni olóko ń kùn. Ṣé a máa ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá ni? Ọmọ mi, kọ ohun tí o rí."

Mo kọ ọ́. Ààbò: méjì nínú mẹ́wàá.

Nígbà tí mo ro ó pọ̀, oko náà gba márùndínláàádọ́rin, ó sì gbẹ̀yìn. Ọ̀gá wo bébà mi, ojú rẹ̀ le. Ọjọ́ méjì ló ti fi sùn ní yàrá àlejò oko náà, lórí ibùsùn tó rọ̀ bí òwú.

"Akọ̀wé, ta ló ń wo afárá? Ibùsùn ni àlejò ń tìtorí ẹ̀ wá. Gbé ààbò wá sí márùn-ún, kí o gbé yàrá lọ sí márùndínlógójì."

"Ṣùgbọ́n sà, ẹ ní a kì í fọwọ́ kàn án mọ́."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìwọ náà! Ṣé mo ní kí o purọ́ ni? Fi máàkì rẹ sílẹ̀ bó ṣe wà. Méjì á ṣì máa jẹ́ méjì." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Bí àlejò ò bá wá síbí mọ́, ta ni wọ́n máa kọ́kọ́ dá dúró? Ṣé kì í ṣe ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ yẹn? Ìwé tó sì máa ràn ẹ́ lọ́wọ́ láti wọ yunifásítì, èmi náà ni màá kọ ọ́."

Mo yí i. Kò gbà tó ìṣẹ́jú kan. Oko náà fò sókè sí márùndínláàádọ́rùn-ún, ó gba ipò kìíní, olóko náà sì gbé ìwé-ẹ̀rí kọ́ sára ògiri yàrá ìjẹun. Àlejò wá rọ́ dé. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi pè mí lórí fóònù.

"Ọmọ mi, ṣé o kọ ọ́?"

"Mo kọ ọ́, sà."

Kì í ṣe irọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ìwà ibi ṣe máa ń wọ aṣọ òdodo.

Ní ọjọ́ Sátidé yẹn, pákó já lábẹ́ ọmọ àlejò méjì. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi bẹ́ sínú omi, wọ́n gbé èkíní jáde, wọ́n gbé èkejì jáde. Ìyókù afárá sì wó lé àwọn fúnra wọn lórí kí wọ́n tó jáde.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìsìnkú, ẹgbẹ́ náà pe ìpàdé sí yàrá ìjẹun oko, wọ́n sì ní kí àwa ẹbí olóògbé wá. Olóko náà nàka sí ògiri.

"Ẹ wo ìwé-ẹ̀rí! Ipò kìíní! Bí afárá mi bá jẹrà, ṣé ẹ ó fún mi? Olóògbé ni kò ṣọ́ra. Ó kó àwọn ọmọ jọ sórí afárá bí ẹni ń da ewúrẹ́."

"Kò ṣọ́ra kẹ̀?" ni ìyàwó olóògbé, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, wí. "Ẹni tí kì í jẹ́ kí n sáré sọ ìkòkò kalẹ̀ nínú ilé ara mi?"

"Màmá, ẹ fara balẹ̀," ni Ọ̀gá wí, ohùn rẹ̀ dùn bí oyin. "Ìṣirò kì í purọ́."

Inú bí mi. Wọ́n ní ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Irọ́ ni, lọ́jọ́ náà. Àwa la da eérú, ojú òkú ni wọ́n ń fẹ́ ẹ sí. Mo dìde.

"Akọ̀wé, jókòó," ni Ọ̀gá rọra wí. "Ìwé rẹ wà nínú báàgì mi. Ó ku kí n buwọ́ lù ú."

"Ẹ má buwọ́ lù ú, sà."

Mo tẹ́ bébà àkọ́kọ́, tí mo ti fi pamọ́, sórí tábìlì níwájú àwọn àgbà ẹgbẹ́. "Ẹ kà á. Ààbò, méjì nínú mẹ́wàá, pákó ti jẹrà. Olóògbé ló fi hàn mí. Ọgbọ̀n ni ìwọ̀n ààbò kí Ọ̀gá tó ní kí n sọ ọ́ di márùn-ún, mo sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ìṣirò kò purọ́. Àwa la purọ́, Ọ̀gá àti èmi."

Bàbá mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, jẹ́jẹ́.

"O mọ̀? O mọ̀, o sì jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi máa gorí ẹ̀ lójoojúmọ́?"

"Mo mọ̀, sà."

Àwọn àgbà ẹgbẹ́ já ìwé-ẹ̀rí náà lulẹ̀, wọ́n lé Ọ̀gá kúrò lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé olóògbé kò jẹ̀bi ohunkóhun. Èmi kò rí ìwé kankan gbà. Odidi oṣù kan ni bàbá mi fi ń dáhùn ìkíni mi láìwò mí lójú.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, irọ́ nìkan kọ́ ló ń pani. Òtítọ́ tí a sọ di fúyẹ́ náà ń pani. Bí àgbàlagbà bá ní kí o fọwọ́ sí ohun tí ọkàn rẹ kọ̀, kọ̀ ọ́ níbẹ̀, lójú ẹsẹ̀. Èmi dúró di ọjọ́ ìpàdé, ó sì ti pẹ́ jù.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé ìpàdé náà, mo lọ sílé Màmá. Bàtà iṣẹ́ ọkọ wọn wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ẹrẹ̀ adágún ti gbẹ mọ́ ọn.

"Mi ò lè fọwọ́ kàn án," ni wọ́n wí.

Mo bu omi sínú abọ́, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn. Mo fọ t'ọ̀tún, mo fọ t'òsì. Mo yọ okùn wọn, mo fọ okùn náà. Lẹ́yìn náà ni mo gbé bàtà méjèèjì sínú oòrùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.