Irúgbìn Òdòdó Pupa

“Má fọwọ́ kàn án! Ṣé ikú ń wù ọ́ ni?”

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí Oníbọ̀wọ́ sọ sí ọkùnrin náà nìyẹn. Olódòdó ni ọkùnrin náà, ọjà ló wá rà ní ọgbà òdòdó tí Oníbọ̀wọ́ ti ń ṣiṣẹ́, ló bá fẹ́ tọwọ́ bọ àwo tí wọ́n rẹ irúgbìn sí nínú omi kẹ́míkà. Àwọn tó ń bá obìnrin náà ṣiṣẹ́ ló sọ ọ́ ní Oníbọ̀wọ́, torí ìbọ̀wọ́ rọ́bà kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó fi kẹ́míkà yí ẹ̀dá irúgbìn padà, kí òdòdó lè yọ àwọ̀ tí ìyá rẹ̀ kò ní. Púpọ̀ a kú, òmíràn a wọ́. Ṣùgbọ́n lọ́dún náà, ẹ̀ka kan ṣoṣo lára òdòdó funfun tanná pupa fòò.

“Ó rẹwà bíi tìẹ,” olódòdó sọ.

“Ẹlẹ́nu dídùn! Ṣé bó o ṣe ń tajà nìyí?”

Ìfẹ́ wọn wọra gan-an. Àfi ìgbà tí ìyá olódòdó gbọ́ irú iṣẹ́ tí ìyàwó ojú ọ̀nà ń ṣe.

“Ẹni tó ń fi májèlé ṣeré! Irú ọmọ wo ló fẹ́ bí fún wa?”

 Àsìkò òjò kásẹ̀ nílẹ̀, olódòdó kò wá, kò pè.  Oníbọ̀wọ́ búra pé òun á gbẹ̀san lára rẹ̀.

Ọjọ́ kan, olódòdó yọjú, ojú ń tì í. “Olólùfẹ́ mi, bá mi wá irúgbìn òdòdó pupa yẹn. Má bi mí léèrè.”

Oníbọ̀wọ́ gbà pé ìyàwó mìíràn ló fẹ́ fi ta lọ́rẹ. Ó mọ̀ pé àwọ̀ pupa náà kò dé inú irúgbìn, ẹ̀ka ni wọ́n ń gé gbìn bí wọ́n bá fẹ́ kó yọ pupa. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó bu irúgbìn fún un.

Nígbà tí àwọn irúgbìn náà hù, tí wọ́n tanná, olódòdó padà wá.

“Funfun ni gbogbo wọn.”

“Mo mọ̀. Ṣé ó dùn ọ́? Ó dùn mọ́ mi.”

Ọkùnrin náà ní, “Màmá ló ní tí ọmọ òdòdó pupa rẹ bá pupa bí ìyá rẹ̀, ọkàn àwọn á balẹ̀ nípa ọmọ tó o máa bí, àwọn á sì gbà ọ́. Gbogbo ìgbà tí mi ò wá, ẹ̀bẹ̀ ni mò ń bẹ̀ wọ́n.”

Oníbọ̀wọ́ sáré gé ẹ̀ka pupa kan wá. “Ọkọ mi, jọ̀ọ́, mú ẹ̀ka lọ. Èmi fúnra mi á kúnlẹ̀ fún Màmá, màá jẹ́wọ́.”

“Òdòdó kọ́ ló dùn mí. Ò ń rẹ́rìn-ín sí mi nígbà tó o mọ̀ pé ò ń bà mí jẹ́. Ẹ̀rín yẹn ni mi ò ní lè máa wò nínú ilé.”

Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà.

“Ẹ ṣeun, mà,” ó ní, bí oníbàárà lásán. Ó sì pa ilẹ̀kùn dé jẹ́jẹ́.