Ohun Tí A Fi Ra Rùkáyátù Padà

Iléyá ku ọ̀sẹ̀ méjì. Àgbò kan wà lórí ìso lẹ́yìnkùlé Bàbá Bùràímọ̀ ní Bájúláyé, Ṣómólú. Àwọn sójà ló ń ṣèjọba nígbà náà. Ìlú le, àgbò ò sì wọ́pọ̀ ládùúgbò.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Rùkáyátù, ìyàwó Ṣàkírù ọmọ bàbá, bí ọmọbìnrin ní ọsibítù kan ní Bàrígà. Ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, kò dá.

Nọ́ọ̀sì Mojíbọ́lá pe Ṣàkírù. "Bàbá ìkókó, kò sí ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀ mọ́. Ẹ lọ pe àwọn èèyàn yín wá, kí wọ́n wá fún un. Ẹ tètè o."

Ṣàkírù sáré lọlé. Ó mú bàbá rẹ̀ wá, ó mú àgbò wá. Àjàlá, atẹ̀wé tí wọ́n jọ ń gbélé, ló bá wọn di okùn mú.

"Kí lèyí?" ni nọ́ọ̀sì wí.

"Ìràpadà ni," Bàbá Bùràímọ̀ dáhùn. "Àgbò ni Ọlọ́run fi ra ọmọ Ànọ́bì Ibrahim padà. Ẹ jẹ́ ká pa á, kí Rùkáyátù lè yè."

"Ọlọ́run á gbà á, Bàbá. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ àgbò ò ṣeé fà séèyàn lára. Bàbá ìkókó, ẹ̀yin ńkọ́?"

Ṣàkírù wolẹ̀. "Wọ́n ní ọkùnrin tó bá fún èèyàn lẹ́jẹ̀ ò ní lè bímọ mọ́."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ọkùnrin kan lẹ́nu géètì ọsibítù. Ó ní tá a bá fún òun ní àgbò yìí, òun á gbé ìgò ẹ̀jẹ̀ kan wá. Bàbá, ẹ jẹ́ ká fún un."

"Ta ló yẹ ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún wò?" ni nọ́ọ̀sì bi í. "Àrùn lè wà nínú rẹ̀. Bí kò bá sì bá tìyàwó yín mu, òun gan-an ló máa pa á."

Àjàlá so okùn àgbò mọ́ igi, ó ní:

"Bàbá, ní ìjọ Onítẹ̀bọmi tiwa, a gbà pé ẹnìkan ló fi ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ rà wá padà. Nọ́ọ̀sì, ẹ yẹ tèmi wò."

Bàbá Bùràímọ̀ wo ọwọ́ Àjàlá tí yíǹkì ìtẹ̀wé ti sọ di dúdú. "Àjàlá, ṣé kì í ṣe yíǹkì ló wà nínú iṣan tìẹ?"

"Wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, Bàbá."

Bàbá ti dàgbà jù láti fa ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n yẹ ti Ṣàkírù wò, kò bá ti ìyàwó rẹ̀ mu. Ti Àjàlá bá a mu, kò sí àrùn nínú rẹ̀, wọ́n sì fà á sí Rùkáyátù lára.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, Rùkáyátù lajú, ó ní kí wọ́n gbé ọmọ òun wá.

Ṣàkírù padà lọ bá nọ́ọ̀sì, ó na apá. "Ẹ fa tèmi náà."

"Kò kúkú bá tìyàwó yín mu."

"Á bá tìyàwó ẹlòmíì mu."

Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ ni wọ́n pa àgbò. Habeebat lọmọ ń jẹ́. Bàbá Bùràímọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ gbé itan lọ fún Àjàlá.

"Owó ẹ̀jẹ̀ kọ́ o," ó ní. "Ọpẹ́ ni."

Nígbà tí Iléyá dé, kò sí àgbò nílé wọn. Kò sẹ́ni tó ṣàròyé. Ṣàkírù sì tún bímọ méjì lẹ́yìn náà.

Ẹ̀yin ará Ṣómólú àti Bàrígà, ẹ má ra ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu géètì. Bí aboyún bá wà nílé yín, kí ẹbí àti ará ilé lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò kí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ tó pé. Ara ẹni tó le máa ń dá ẹ̀jẹ̀ tó fi sílẹ̀ padà. Kì í dí ọmọ bíbí lọ́wọ́.

Ẹ pa àgbò fún ọpẹ́. Fún ìràpadà, ẹ na apá.