Igbà Kan ní Pápákọ̀ Òfurufú Àyèká

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan lọ́dún 1972, wọ́n bá òkú Bàbá Ọmọ́lẹ́yẹ nídìí ọ̀pẹ nínú oko rẹ̀ lẹ́yìn Àyèká. Oko yìí ni Olóyè Adébóyè ti ń sọ fún gbogbo ilẹ̀ Ìkálẹ̀ láti ọdún méjì pé ọkọ̀ òfurufú láti Lọ́ńdọ́ọ̀nù yóò máa balẹ̀ sí. Ẹ̀yìn orí bàbá náà ti fọ́. Igbà tó fi ń gun ọ̀pẹ wà lára rẹ̀. Kí oòrùn tó ta, ìlú ti gbà pé ó jábọ́ ni.

Ẹni tó bá jábọ́ lórí ọ̀pẹ tó kú, wọn kì í gbé e wọlé. Ìdí ọ̀pẹ yẹn náà ni wọ́n ń sin ín sí, lọ́jọ́ kan náà, láìlu agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Lóòótọ́, gbogbo Àyèká ló ti ṣe ìrìbọmi, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tíì ṣe ìrìbọmi fún ọ̀pẹ. Olóyè Adébóyè fúnra rẹ̀ ló kó agbẹ́lẹ̀ mẹ́rin wá. Alága Ìgbìmọ̀ Pápákọ̀ Òfurufú ni. Kò sí ìgbìmọ̀ kan nílùú tí òun kì í ṣe alága rẹ̀.

Ìyádùnní, ọmọ olóògbé, kò dúró wo wọn. Ó wọ takisí lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá Òkìtìpupa, ó sì bá Ìńsípẹ́kítọ̀ Àkànmú níbi tó ti ń jẹ púpurú.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú, mo dá yín lẹ́nu oúnjẹ. Inú ilé ni a sin ìyá mi sí. Bàbá mi ti fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún ara rẹ̀. Bí wọ́n bá sin ín síbẹ̀ yẹn, katapílà ni yóò máa gorí rẹ̀ kọjá."

"Bàbá rẹ kò fẹ́ pápákọ̀?"

"Ó ní ọkọ̀ tí òun kò lè wọ̀, kò gbọdọ̀ wọ oko òun."

Àkànmú fọ ọwọ́. Ọmọ ìlú Ìrẹ̀lẹ̀ ni, ènìyàn tẹ́ẹ́rẹ́ tí owó ẹyìn tó fúnra rẹ̀ kọ ló rán an níléèwé.

Nígbà tó dé oko, àwọn agbẹ́lẹ̀ ti gbẹ́ ilẹ̀ dé orúnkún.

"Ẹ jáde níbẹ̀," ó wí. "Ẹni tí ẹ ń gbẹ́ ẹ fún kò tíì sọ tẹnu rẹ̀."

Ó kúnlẹ̀ ti òkú náà. Igbà náà kò já. Ó yí ìbàdí bàbá náà ká, wọ́n sì ta á ní kókó gírígírí níwájú. Àtàǹpàkò òsì rẹ̀ ní yíǹkì aláwọ̀ àlùkò. Ìńsípẹ́kítọ̀ gbójú sókè wo ọ̀pẹ náà.

Rufus, akọ̀pẹ tó kọ́kọ́ rí òkú náà, ni ó pè.

"Wọ́n ní ìwọ àti bàbá yìí jà lọ́sẹ̀ tó kọjá."

"A jà, sà. Mo ní kó fi ilẹ̀ sílẹ̀. Olóyè ti ṣèlérí iṣẹ́ fún mi ní pápákọ̀."

"Irú iṣẹ́ wo?"

"Ó ní èmi ni n ó máa juwọ́ sí ọkọ̀ òfurufú pé ó tó, kó dúró níbẹ̀."

"Àti owó oṣù?"

"A ò tíì débẹ̀, sà."

"Gbé igbà tìrẹ. Gun ọ̀pẹ yẹn díẹ̀ kí n rí i."

Rufus wò ó bí ẹni tí wọ́n ní kó wá mí sínú, kó mí síta. Ó na igbà yí ọ̀pẹ po, ó mú un yí ẹ̀yìn ara rẹ̀, ó so ó, ó sì fara tì í. Ní ìṣẹ́jú kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kúrò nílẹ̀.

"Sọ̀kalẹ̀. Kí ni àwọn akọ̀pẹ máa ń wí nípa igbà?"

"A ní igbà kò já, akọ̀pẹ kò jábọ́."

Láti ibẹ̀, Àkànmú lọ sí ilé Olóyè. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, ó sì kẹ̀yìn sí ìlú, ó kọjú sí oko, kí àwọn èrò ọkọ̀ òfurufú lè rí i kí wọ́n tó rí Àyèká. Olóyè jókòó lábẹ́ àwòrán ara rẹ̀.

"Àgbà kì í wà lọ́jà, kí orí ọmọ tuntun wọ́," ni ó fi bẹ̀rẹ̀. "Èmi ni àgbà, pápákọ̀ yìí ni ọmọ. Àwọn aṣojú ìjọba ń bọ̀ lọ́la wá wo ilẹ̀. Ẹ jẹ́ ká tètè bo bàbá yẹn, kí àlejò má bá òkú."

"Ilẹ̀ tí kò fún yín ńkọ́?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" Ó ṣí fáìlì, ó fa ìwé kan yọ. Àmì ìka aláwọ̀ àlùkò wà nísàlẹ̀ rẹ̀. "Ojú mi ló ṣe lánàá nírọ̀lẹ́. Inú rẹ̀ dùn, ó tẹ̀ka, ó sì ní òun ń lọ kọ ẹyìn."

"Ẹ̀yin náà mọ ọ̀pẹ gùn, Olóyè?"

Olóyè rẹ́rìn-ín dé ìdí. "Èmi? Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, ara mi kò kan ọ̀pẹ rí. Bàbá mi ní àwọn tó ń gùn ún fún wa."

"Ìjọba kọ̀wé pé àwọn ń bọ̀ lọ́la?"

"Wọ́n kọ ọ́ lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Wọn kò tíì kọ òmíràn."

Ìjọba tí kì í kọ̀wé fún oṣù mẹ́ta ya Àkànmú lẹ́nu. Ó padà sí Òkìtìpupa, ó wọ ilé ìfìwéránṣẹ́. Dora, akọ̀wé ibẹ̀, mí kanlẹ̀ nígbà tó gbọ́ orúkọ Olóyè.

"Lẹ́tà rẹ̀ ti wà níbí láti ọjọ́ mẹ́wàá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a gbé e lọ, ẹ̀ẹ̀mẹta ló dá a padà. 'Ọ̀gbẹ́ni Adébóyè' ni wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀. Ó ní kò sí ẹni tó ń jẹ́ Ọ̀gbẹ́ni nínú ilé òun."

"Fún mi," ni Àkànmú wí. "Èmi yóò gbé e lọ ní ìgbà kẹrin."

Nígbà tí oòrùn ń rẹlẹ̀, ó pe gbogbo wọn jọ sídìí ọ̀pẹ. Àwọn agbẹ́lẹ̀ jókòó létí ihò wọn.

"Bàbá Ọmọ́lẹ́yẹ kò jábọ́," ó wí. "Ẹni tó ń gun ọ̀pẹ, òun àti ọ̀pẹ ló jọ ń wà nínú igbà. Bí igbà kò bá já, tí kò sì tú, kò sí bí ènìyàn ṣe lè kúrò nínú rẹ̀ jábọ́. Èyí kò já, kò tú, kò sì yí ọ̀pẹ kankan po. Ẹnì kan ló so ó mọ́ òkú nídìí bí ẹni de bẹ́líìtì. Ní gbogbo Ìkálẹ̀, ọmọ ọdún méje kò ní ṣe àṣìṣe yẹn. Ẹni tí àwọn ẹlòmíràn ń gun ọ̀pẹ fún nìkan ló lè ṣe é."

Olóyè ní, "Ó tẹ̀ka fún mi."

"Ìyádùnní, mú ìwé owó ọ̀sẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì tí mo rán ọ lọ gbà jáde."

Ìyádùnní ṣí i. Orúkọ bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀, ọ̀sẹ̀ lé ọ̀sẹ̀, lẹ́tà gbọọrọ tó wọ́ bí ẹsẹ̀ akàn.

"Ọdún mẹ́ta ni bàbá mi fi kọ́ orúkọ yìí nílé-ẹ̀kọ́ àgbà," ó wí. "Láti ọjọ́ náà, bó bá ra iyọ̀, ó fẹ́ fọwọ́ sí i. Kò tún tẹ̀ka fún ẹnikẹ́ni."

"Òkú kò lè di kálámù mú," ni Àkànmú wí. "Ìka nìkan ló ṣe é tẹ̀. Olóyè, ẹ rí àgbẹ̀, ẹ sì rò pé kò mọ ìwé. Ẹ rí igbà, ẹ rò pé ìgbànú ni. Ẹ wà láàárín àwọn ènìyàn yìí fún ọgọ́ta ọdún, ẹ kò wò wọ́n rí."

Olóyè wo ojú àwọn ènìyàn rẹ̀. Kò sẹ́ni tó mú ojú kúrò.

"Mo kàn tì í ni," ó wí níkẹyìn. "Ó ní kò sí ọkọ̀ òfurufú kankan tó ń bọ̀ ní Àyèká. Ó ń fi mí rẹ́rìn-ín. Orí rẹ̀ lu òpó sìmẹ́ǹtì tí àwọn awọnlẹ̀ rì mọ́lẹ̀ nínú oko."

Àkànmú na lẹ́tà náà sí i. Olóyè ya á, ó kà á. Ìjọba dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìfẹ́ ìlú. Wọ́n ti pinnu láti fẹ pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà sí i, kí ó lè gba ọkọ̀ ńláńlá. Wọn kò ní kọ́ òmíràn sí agbègbè yìí. Aṣojú kankan kò sì ní wá.

"Ọjọ́ mẹ́wàá," ni Ìyádùnní wí. "Ká ní ẹ gbà á lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé, bàbá mi ì bá ṣì máa jẹun."

Nígbà tí wọ́n ń mú Olóyè lọ, ó sọ fún Ìńsípẹ́kítọ̀ létí. "Nínú ìwé ọlọ́pàá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé oyè mi."

Àkànmú kọ ọ́ sílẹ̀ níṣojú rẹ̀: Ọ̀gbẹ́ni Adébóyè.

Lẹ́yìn tí dókítà wo òkú náà tán, wọ́n gbé Bàbá Ọmọ́lẹ́yẹ wọlé, wọ́n sì sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì dún. Àwọn agbẹ́lẹ̀ béèrè ta ni yóò sanwó ihò oko, wọ́n sì gbé ọkọ́ wọn lọ sílé láìgba kọ́bọ̀. Òjò ń rọ̀ sínú rẹ̀ títí di òní. Nínú gbogbo iṣẹ́ pápákọ̀ òfurufú Àyèká, ihò yẹn nìkan ni wọ́n gbẹ́.